Bí òbìrìkìtì bá rí bákan náà níbi gbogbo, ṣé dandan ni kó rí róbótó?

Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Wọ́n ní òṣùwọ̀n Riemann kan (ìlànà tí a fi ń wọn gígùn àti igun ní ojúàmì kọ̀ọ̀kan) jẹ́ homogeneous nígbà tí a bá lè mú ojúàmì èyíkéyìí, kí a sì fi ìṣípò tí kò ba ìwọ̀n jẹ́ gbé e lọ sórí ojúàmì mìíràn tó bá wù wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ibì kankan lórí òbìrìkìtì náà tó lè tẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Kí wá ni òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ tún lè jẹ́ bí kò ṣe èyí tó rí róbótó gan-an tí gbogbo wa mọ̀? Síbẹ̀, mo kà á pé àìlóǹkà òṣùwọ̀n homogeneous ló wà lórí S³ (Sⁿ ni òbìrìkìtì onídàìmẹ́ńṣọ̀n n; S² ni ojú bọ́ọ̀lù), àti pé mẹ́ta nínú ti S¹⁵ jẹ́ òṣùwọ̀n Einstein, ìyẹn èyí tí àròpin ìtẹ̀ rẹ̀ dọ́gba ní ìhà gbogbo. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń fi orúkọ púpọ̀ pè, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń sún un kì. Ta ló lè já mi ní koro?

* * *

Aṣírò:

Lórí S² ni ọ̀rọ̀ yín ti jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ náà ni òótọ́ rẹ̀ sì parí sí. Lórí ojú tó ní dàìmẹ́ńṣọ̀n méjì, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìtẹ̀ jẹ́ ní ojúàmì kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣípò bá gbé ojúàmì kan lọ sórí èkejì, nọ́ńbà ti ìhín àti ti ọ̀hún gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí náà ìtẹ̀ kò yí padà níbikíbi, S² náà sì gbọ́dọ̀ rí róbótó. Inú S² yìí ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ìtẹ̀ ń jẹ́, òun ló sì ń tàn wá nígbà tí a bá gòkè.

Láti S³ lọ sókè, ìtẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà kan mọ́ ní ojúàmì kan. Gbogbo ojú pẹrẹsẹ onídàìmẹ́ńṣọ̀n méjì tó gba inú ojúàmì náà kọjá ló ní ìtẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí ìwà homogeneous sọ ni pé gbogbo ìtẹ̀ tó wà ní ojúàmì kan ni a ó tún bá ní ojúàmì mìíràn, láìdín, láìlé. Kò sọ rárá pé àwọn ìtẹ̀ tó wà ní ojúàmì kan náà gbọ́dọ̀ dọ́gba láàárín ara wọn. Ẹ wo aṣọ òkè tí wọ́n hun dáadáa: ojú kan lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èkejì, síbẹ̀ bí ẹ bá fà á ní ìgùn, kì í ṣe bí ẹ ṣe fà á ní ìbú ni yóò ṣe jẹ́ fún yín. Pé ibi gbogbo dọ́gba yàtọ̀ sí pé ìhà gbogbo dọ́gba. Ìbéèrè yín da méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan èyí tó rọrùn jù. Ẹ mú S³ gẹ́gẹ́ bí àkójọ àwọn nọ́ńbà complex méjì-méjì, z àti w, tí |z|² + |w|² = 1. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà complex tó gùn tó 1 sọ z àti w di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà náà yí po, ojúàmì yín yóò rin òrùka kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 2π. Òrùka kan ṣoṣo ló gba inú ojúàmì kọ̀ọ̀kan kọjá, Hopf sì fi hàn ní ọdún 1931 pé bí a bá ka òrùka kọ̀ọ̀kan sí ojúàmì kan, S² ni yóò jáde. Nítorí náà, ní ibi gbogbo lórí S³, ìhà kan wà tó bá òrùka lọ, ìhà méjì sì wà tó dábùú rẹ̀.

Ẹ fi àwọn ìhà méjì tó dábùú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ wá mú ìlọ́po-méjì gígùn ní ìhà òrùka, kí ẹ fi nọ́ńbà t kan tó ju òdo lọ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹgbẹ́ U(2), ìyẹn àwọn ìṣípò complex onílà tí kò yí |z|² + |w|² padà, ń gbé òrùka lọ sórí òrùka, ó sì lè gbé ojúàmì èyíkéyìí dé ibi tó bá wù ú, nítorí náà òṣùwọ̀n tuntun yìí jẹ́ homogeneous, iye yòówù kí t jẹ́. Ìtẹ̀ ojú pẹrẹsẹ tó ní ìhà òrùka nínú ń di t, ti ojú pẹrẹsẹ tó dábùú òrùka sì ń di 4 − 3t. Nígbà tí t bá jẹ́ 1, méjèèjì jẹ́ 1, òbìrìkìtì róbótó sì ni. Nígbà tí t bá jẹ́ 1/4, ìkan jẹ́ 1/4, èkejì jẹ́ 13/4, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní gbogbo ojúàmì láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ní ti fífẹ̀ àti sísún kì: bí ẹ bá fẹ òṣùwọ̀n kan tòkè-tilẹ̀, gbogbo ìtẹ̀ rẹ̀ ni yóò dín ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀kan sí mẹ́tàlá ni ìtẹ̀ méjèèjì yìí, ọ̀kan sí mẹ́tàlá ni wọn yóò sì máa jẹ́ títí láé. Kò sí fífẹ̀ tó lè sọ wọ́n di ọgbọọgba.

* * *

Aṣírò, nígbà tí ẹnìkan dá sí i pé kí a sáà lọ wo àkójọ àwọn ẹgbẹ́ Lie (ẹgbẹ́ àwọn ìṣípò tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìfò), kí ìjíròrò parí:

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Lóòótọ́ ni àkójọ náà wà, iṣẹ́ Montgomery àti Samelson ní ọdún 1943 àti ti Borel ní ọdún 1949 àti 1950 ló sì fún wa. Àwọn ẹgbẹ́ tó wé mọ́ra, tó wà ní odidi, tó sì lè gbé ojúàmì èyíkéyìí lórí òbìrìkìtì dé èyíkéyìí kò pọ̀. SO(n) wà fún gbogbo òbìrìkìtì. U(n) àti SU(n) wà fún S²ⁿ⁻¹. Sp(n), Sp(n)U(1) àti Sp(n)Sp(1) wà fún S⁴ⁿ⁻¹. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn mẹ́ta tó dá yàtọ̀, ìyẹn G₂ lórí S⁶, Spin(7) lórí S⁷ àti Spin(9) lórí S¹⁵.

Àṣìlò tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń ka iye ẹgbẹ́ bí ẹni pé iye òṣùwọ̀n ni wọ́n ń kà. Wọ́n á ní, "G₂ wà lórí S⁶, òṣùwọ̀n àjèjì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀." Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ohun tó yẹ kí a béèrè kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ń gbé ojúàmì kiri. Ẹ béèrè nípa ìpín rẹ̀ tó fi ojúàmì kan sílẹ̀ sójú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní isotropy, kí ẹ sì wo bí ó ṣe ń yí àwọn ìhà tó wà ní ojúàmì náà ká. Bí ìpín yìí kò bá fi ìhà kankan sọ́tọ̀, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló lè wà, àyàfi kí a fẹ̀ ẹ́ tàbí kí a sún un kì. Lórí S⁶, ìpín náà ni SU(3), ó sì ń yí ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ láìpín wọn. Lórí S⁷ pẹ̀lú Spin(7), ìpín náà ni G₂, òun náà kò pín ìhà méjèèje. Ẹgbẹ́ méjèèjì ṣọ̀wọ́n, ẹwà wọn sì pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mú òṣùwọ̀n tuntun kankan wá.

Níbi tí ìpín náà bá ti ya àwọn ìhà sọ́tọ̀ ni ọjà ti ń tà. Fún U(n+1) lórí S²ⁿ⁺¹, ìhà kan yà sọ́tọ̀ kúrò lára 2n yòókù, a sì ní nọ́ńbà kan tí a lè yí, tí a kò bá ka fífẹ̀ mọ́ ọn. Fún Spin(9) lórí S¹⁵, ìhà 15 pín sí 7 àti 8, nọ́ńbà kan ló tún jáde. Sp(n+1) lórí S⁴ⁿ⁺³ ló lawọ́ jù: ìhà mẹ́ta kan wà tí ìpín isotropy kò fọwọ́ kàn rárá, a sì lè fún ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà mẹ́ta ló wà tí n bá tóbi tó 1. Òṣùwọ̀n ti U wà nínú ti Sp níbi tí méjèèjì bá ti pàdé lórí òbìrìkìtì kan náà. Ti Spin(9) kò sí nínú rẹ̀. Orí òṣùwọ̀n róbótó nìkan ni òun àti wọn ti pàdé.

Àbájáde kan wà nínú èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ jáde. Gbogbo òbìrìkìtì tí dàìmẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà pípín-sí-méjì kò ní òṣùwọ̀n homogeneous mìíràn ju èyí tó rí róbótó lọ. Nítorí náà, Akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe lórí S² nìkan ni ìmọ̀lára yín ti bára mu. Ó bára mu lórí S⁴, S⁶, S⁸ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ fún un kọ́ ni ó mú kó rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́:

Mo ti gbà pé ibi àti ìhà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìwé méjì tí mo ṣí kò fẹnu kò. Ìwé kan ní òṣùwọ̀n Einstein kejì lórí S⁷ wà ní 1/5, ìwé kejì ní 1/√5 ni. Èwo ni kí n gbà?

* * *

Aṣírò:

Ẹ gba méjèèjì. Ìjà yìí ti pẹ́, kò sì yé jà. Àwọn kan ń fi t sọ ìlọ́po-méjì gígùn di púpọ̀, bí mo ṣe ṣe lókè. Àwọn mìíràn ń fi í sọ gígùn gan-an di púpọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi òrùka sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fẹ̀. Ọ̀ràn kejì ni bí S² tó wà nísàlẹ̀ Hopf ṣe tóbi tó. Bí S³ bá ní rédíọ́ọ̀sì 1, ti S² náà jẹ́ 1/2, ìtẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí S² ìsàlẹ̀ ní rédíọ́ọ̀sì 1 ti sọ S³ rẹ̀ di onírédíọ́ọ̀sì 2 nìyẹn, gbogbo nọ́ńbà ló sì yí padà.

Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kéde pé òun ti rí òṣùwọ̀n Einstein tuntun, àṣé t ti ìwé kan ló mú sínú fọ́múlà ìwé mìíràn. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó ṣe àyẹ̀wò méjì kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi iye tó ń mú òṣùwọ̀n róbótó jáde sínú fọ́múlà, kó rí i pé gbogbo ìtẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ kí òrùka kéré títí dé òdo, kó wò ó bóyá ìtẹ̀ tó dábùú òrùka di ti ìsàlẹ̀. Nínú fọ́múlà tèmi, 4 − 3t ń di 4, ó sì bára mu.

* * *

Aṣírò, lórí òṣùwọ̀n Einstein:

Onífísíìsì kan béèrè ìdí tí S³ kò fi ní òṣùwọ̀n Einstein homogeneous kejì, tí S⁷ sì ní in. Ìbéèrè tó dára ni, kò sì gba ju ìlà mélòó kan lọ. Ricci ní ìhà kan ni àròpọ̀ ìtẹ̀ àwọn ojú pẹrẹsẹ tí ìhà náà àti ìkọ̀ọ̀kan àwọn ìhà tó dábùú rẹ̀ dá sílẹ̀. Òṣùwọ̀n jẹ́ Einstein nígbà tí Ricci rẹ̀ bá dọ́gba ní ìhà gbogbo. Lórí S³ tí òrùka rẹ̀ gba t, Ricci ní ìhà òrùka jẹ́ 2t, ní ìhà tó dábùú ó jẹ́ 4 − 2t. Kí méjèèjì dọ́gba, t gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Ó tán.

Lórí S⁷, ohun tó gba inú ojúàmì kọ̀ọ̀kan kọjá kì í ṣe òrùka mọ́, S³ odidi kan ni, S⁴ ló sì wà nísàlẹ̀. S³ yìí ní ìtẹ̀ ti ara rẹ̀, èyí tí òrùka kò ní. Bí a bá fi t sún un kì, Ricci tirẹ̀ yóò máa ga sókè bí 2/t. Nítorí náà Ricci ní ìhà S³ náà jẹ́ 2/t + 4t, ní ìhà tó dábùú ó jẹ́ 12 − 6t. Ẹ mú wọn dọ́gba, ẹ ó rí 5t² − 6t + 1 = 0, ìyẹn (5t − 1)(t − 1) = 0. Òṣùwọ̀n róbótó wà ní t = 1, èkejì wà ní t = 1/5. Ohun tó dá gbòǹgbò kejì sílẹ̀ ni 2/t yẹn, òun gan-an ni òrùka kò ní. Jensen ló rí òṣùwọ̀n yìí lórí gbogbo S⁴ⁿ⁺³ ní ọdún 1973, níbi tí t ti jẹ́ 1/(2n+3). Àwọn onífísíìsì tẹ́wọ́ gba ti S⁷ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń wá bí dàìmẹ́ńṣọ̀n 11 ti supergravity (tíọ́rì físíìsì kan nípa òòfà) ṣe lè ká kù sí 4.

Lórí S¹⁵, àwọn S⁷ ló gba inú ojúàmì kọjá, S⁸ ló wà nísàlẹ̀. Ìṣirò kan náà ń fún wa ní 6/t + 8t = 28 − 14t, ìyẹn (11t − 3)(t − 1) = 0. Bourguignon àti Karcher ló tọ́ka sí 3/11 yìí ní ọdún 1978. Nítorí pé 15 tún jẹ́ 4n+3 níbi tí n jẹ́ 3, òṣùwọ̀n ti Jensen náà wà níbẹ̀, mẹ́ta sì pé. Ní ọdún 1982, Ziller fi hàn pé kò sí òṣùwọ̀n Einstein homogeneous mìíràn lórí òbìrìkìtì kankan yàtọ̀ sí wọ̀nyí. N kò gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ̀wé pé nọ́ńbà 3/11 "ṣẹ́yọ láti òfuurufú". Ẹ ti rí ibi tó ti wá.

Ẹnìkan tún mú àwọn òbìrìkìtì àjèjì tí Milnor rí ní ọdún 1956 (wọ́n ní ìrísí òbìrìkìtì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lójú kálkúlọ́ọ̀sì) wọ ọ̀rọ̀ náà, pé bóyá wọ́n lè ní òṣùwọ̀n homogeneous. Wọn kò ní in. Òbìrìkìtì tó bá jẹ́ homogeneous ti di òbìrìkìtì wa àtijọ́ nìyẹn. Ní ti òṣùwọ̀n Einstein tí kì í ṣe homogeneous, ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò: Böhm rí àìlóǹkà wọn lórí S⁵ títí dé S⁹ ní ọdún 1998. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tó kó wa jọ.

* * *

Aṣírò, lórí ẹni tó ní "homogeneous lórí òbìrìkìtì, ó kéré tán, ìtẹ̀ rẹ̀ á ju òdo lọ":

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ wo 4 − 3t lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí t bá dé 4/3, ojú pẹrẹsẹ tó dábùú òrùka ti ní ìtẹ̀ òdo. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ìtẹ̀ náà di olódì, bẹ́ẹ̀ S³ ni ó ṣì jẹ́. Bí t bá ju 4 lọ, àròpọ̀ gbogbo ìtẹ̀ pàápàá á di olódì, nítorí pé scalar curvature rẹ̀ jẹ́ 8 − 2t. Fún odidi ìdílé Sp(n+1), ìlà tó ya àwọn tí ìtẹ̀ wọn ju òdo lọ sọ́tọ̀ ṣòro ju báyìí lọ. Verdiani àti Ziller ló fà á tán ní ọdún 2009.

Apá kejì, níbi tí t ti kéré, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ gidi. Klingenberg ti fi hàn pé bí òbìrìkìtì kan bá ní dàìmẹ́ńṣọ̀n pípín-sí-méjì, tí ìtẹ̀ rẹ̀ ju òdo lọ ṣùgbọ́n tí kò kọjá K, ọ̀nà títọ́ kankan (geodesic, èyí tó kúrú jù láàárín àwọn ojúàmì tó súnmọ́ra lórí rẹ̀) kò lè yí po padà sí orísun rẹ̀ kí gígùn rẹ̀ kéré sí 2π/√K. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀ ní dàìmẹ́ńṣọ̀n yòókù? Òrùka wa jẹ́ ọ̀nà títọ́, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2π√t. Nígbà tí t bá jẹ́ 1/4, gígùn rẹ̀ jẹ́ π, ìyẹn bíi 3.14. Ìtẹ̀ tó ga jù jẹ́ 13/4, èyí tó ń béèrè gígùn bíi 3.49. Òrùka náà kúrú jù, òfin náà sì ti wó lórí S³. Láti t = 1/3 sísàlẹ̀ ni ó ti ń wó, níbi tí ìtẹ̀ tó kéré jù ti di ìdá mẹ́sàn-án èyí tó ga jù. Berger ló tọ́ka sí èyí, ìdí sì nìyẹn tí S³ wọ̀nyí fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní eré lásán ni òṣùwọ̀n homogeneous, kó wá sọ ibòmíràn tí à bá ti rí àpẹẹrẹ tó rọrùn tó báyìí.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́:

Ó ti yé mi dé ibi kan. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: bí ẹnìkan bá gbé òṣùwọ̀n homogeneous kan lórí S³ lé mi lọ́wọ́, báwo ni n óò ṣe mọ bí ìdọ́gba rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe ìṣirò Ricci, kí n ka iye tó bára dọ́gba nínú rẹ̀.

* * *

Aṣírò:

Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè jà yín kulẹ̀. S³ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ Lie, ó sì ní ìhà mẹ́ta tí a lè gbé kiri orí rẹ̀ láìdàrú. Gbogbo òṣùwọ̀n homogeneous lórí rẹ̀ ni a lè kọ nípa fífún àwọn ìhà mẹ́ta náà ní ìlọ́po-méjì gígùn a, b àti c. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, ẹgbẹ́ ìṣípò náà ní dàìmẹ́ńṣọ̀n 6, òṣùwọ̀n róbótó ni. Bí méjì bá dọ́gba, ó ní 4, òṣùwọ̀n Berger ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, 3 péré ni, kò sì sí ìyípo kankan tó ṣẹ́ kù ní ojúàmì kan ju ìyípo ìdajì lọ. Nítorí náà, a, b àti c ni kí ẹ kà.

Ẹ wá wo ohun tí Ricci lè ṣe fún yín. Ẹ mú a = 3, b = 2, c = 1. Ìṣirò tí Milnor gbé kalẹ̀ ní ọdún 1976 fún irú òṣùwọ̀n báyìí ń fún wa ní Ricci 8/3, 0 àti 0. Ẹni tó bá ka iye tó dọ́gba nínú Ricci yóò rí òdo méjì, yóò sì sọ pé òṣùwọ̀n Berger ni, dàìmẹ́ńṣọ̀n 4. Irọ́ ni; 3 ni. Ohun kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú a, b àti c bá jẹ́ àròpọ̀ méjì yòókù, tí méjì yòókù náà kò sì dọ́gba. Ojú pẹrẹsẹ mẹ́ta tí àwọn ìhà wọ̀nyí dá sílẹ̀ ní ìtẹ̀ 4/3, 4/3 àti −4/3, nítorí náà wíwo ìtẹ̀ dípò Ricci kò ní gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe yìí.